ÀTỌ̀GBẸ ÀTI Ọ̀RÁ INÚ Ẹ̀DỌ̀: BÍ ÌWÁDÌÍ ṢE TI INÚ ÌTỌ̀ DÉ INÚ ÀKÁ ARA

1.0 Ìfáárà

Orúkọ tí Yorùbá fún àrùn tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí jẹ́ orúkọ tí ó ti inú ohun tí ojú rí wá. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń pè é. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, mọ́fíìmù mẹ́ta ni yóò jáde níbẹ̀: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, ọ̀rọ̀-ìṣe tọ̀, àti ọ̀rọ̀-ìṣe gbẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àrùn tí ń mú ènìyàn tọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Orúkọ rẹ̀ kejì, ìtọ̀ ṣúgà, tẹ̀ síwájú díẹ̀: ó sọ ohun tí ó wà nínú ìtọ̀ náà. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó sọ àrùn náà lórúkọ báyìí. Ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí àwọn Òyìnbó mú lò fún un dúró fún ohun tí ń ṣàn kọjá. Àwọn oníṣègùn Íńdíà àtijọ́ ṣàkíyèsí pé èèrà a máa ṣù bo ìtọ̀ aláìsàn náà, wọ́n sì pe àrùn rẹ̀ ní ìtọ̀ oyin.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí àrùn ń gbà yọjú ni gbogbo wọn dúró sí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni láti ṣàlàyé bí ìwádìí ṣe fi ẹnu ọ̀nà yẹn sílẹ̀, tí ó sì wọlé lọ títí ó fi kan ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Èrò méjì ni iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀. Èkíní ni pé mímọ ipa tí ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ń kó ti yí ojú tí ìmọ̀ ìṣègùn fi ń wo àtọ̀gbẹ padà, nítorí ó fi hàn pé àrùn tí wọ́n kà sí àìlèpadà-sẹ́yìn lè padà sẹ́yìn lára àwọn kan. Èkejì ni pé ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ìmọ̀ náà wò jù, bẹ́ẹ̀ ni àmì tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò rí bákan náà lára ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Oríṣi àtọ̀gbẹ tí àlàyé yìí kàn ni oríṣi kejì, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, tí ó sì sábà máa ń mú àgbàlagbà. Ní ti oríṣi kìíní, ara fúnra rẹ̀ ni ó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe ínsúlínì run. Iṣẹ́ yìí kò ní bá a lọ jìnnà.

2.0 Ìrìn-àjò ìwádìí náà ní ṣókí

Ní ọdún 1776, Matthew Dobson, oníṣègùn kan ní Liverpool, gbé ìtọ̀ aláìsàn rẹ̀ kaná títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ. Ohun tí ó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ rí bíi ṣúgà, ó sì dùn bíi ṣúgà. Dobson ṣàkíyèsí pé omi inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà dùn pẹ̀lú. Báyìí ni ó ṣe hàn pé kì í ṣe kíndìnrín ni ó ń dá ṣúgà sílẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà ti ń bọ̀.

Níbo ni ẹ̀jẹ̀ ti rí i? Èrò àwọn ènìyàn nígbà náà ni pé inú oúnjẹ nìkan ni. Claude Bernard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó já èrò yẹn ní koro. Ní ọdún 1848, ó fi hàn pé ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń ti inú ẹ̀dọ̀ ẹranko jáde, kódà nígbà tí ẹranko náà kò jẹ ohun tí ó ní ṣúgà nínú. Ní ọdún 1857, ó yọ ohun tí ẹ̀dọ̀ fi ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ jáde, ó sì pè é ní gíláíkójìn. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ẹ̀dọ̀ ń gba ṣúgà sílé, ó sì ń ṣe é sóde.

Síbẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni ìwádìí gbà lọ fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1889, ní Strasbourg, Joseph von Mering àti Oskar Minkowski yọ páńkíríásì kúrò nínú ajá, àtọ̀gbẹ sì mú ajá náà. Ní Toronto ní ọdún 1921, Frederick Banting àti Charles Best rí oje inú páńkíríásì tí ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n fún ọmọdékùnrin ọlọ́dún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ sì là. Oje yìí ni ínsúlínì. Èrò tí ó gbilẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé àìtó ínsúlínì ni àtọ̀gbẹ.

Àwọn ohun méjì kò bá èrò yẹn mu. Ní ọdún 1936, Harold Himsworth ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé àwọn alátọ̀gbẹ kan wà tí ara wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dáhùn bí wọ́n tilẹ̀ fún wọn ní ínsúlínì. Ní ọdún 1960, Rosalyn Yalow àti Solomon Berson ní New York gbé ọ̀nà kan jáde láti wọn ínsúlínì inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì rí i pé ínsúlínì pọ̀ lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà alátọ̀gbẹ. Ìránṣẹ́ wà, ó sì ń jíṣẹ́, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ tirẹ̀. Ta ni ó di etí? Ìbéèrè yìí ni ó dá ìwádìí padà sínú ẹ̀dọ̀.

3.0 Ẹ̀dọ̀ gẹ́gẹ́ bí àká

Àká àgbẹ̀ ni ó súnmọ́ ẹ̀dọ̀ jù nínú àfiwé. Nígbà ìkórè, àgbẹ̀ a kó ọkà sínú àká. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, a máa yọ ọ́ jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìkórè ẹ̀dọ̀ ni ìgbà tí ènìyàn bá jẹun tán. Èbà, iyán, ìrẹsì àti búrẹ́dì yóò di gúlúkóòsì nínú ìfun, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan yóò sì gbé e lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀ kí ó tó dé ibòmíràn. Ẹ̀dọ̀ yóò sọ apá kan rẹ̀ di gíláíkójìn, yóò sì tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ẹ̀dọ̀ ni òru. Ọpọlọ kì í sùn bí ènìyàn tilẹ̀ sùn, kò sì gbọdọ̀ wá ṣúgà tì. Nítorí náà ẹ̀dọ̀ a máa tú gúlúkóòsì sílẹ̀ níwọ̀n-níwọ̀n títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ínsúlínì ni ó ń gbé àṣẹ wá sí àká yìí, bí ìlàrí ṣe ń ti ààfin gbé àṣẹ ọba wá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó gbé gúlúkóòsì wá náà ni ó gbé e wá, nítorí náà ẹ̀dọ̀ ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àṣẹ náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta: kó ṣúgà sí àká; má ṣe tú ṣúgà síta mọ́; sọ èyí tí ó bá ṣẹ́kù di ọ̀rá. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti gbọ́ tán, a máa fọ́ nǹkan bí ìdajì ínsúlínì náà dànù kí ìyókù tó kọjá lọ sí ara iṣu ẹran àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Kókó ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, yóò sì tún jẹyọ ní ìpín 5.2.

Àká ní ìwọ̀n. Gíláíkójìn tí ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà lè gbà kò ju nǹkan bí 100 gíráàmù lọ. Bí oúnjẹ bá ń wọlé ju bí ara ṣe ń lò ó lọ lójoojúmọ́, ẹ̀dọ̀ yóò sọ àjẹṣẹ́kù di ọ̀rá, yóò sì dì í sínú ẹ̀jẹ̀ kí abẹ́ awọ lè bá a tọ́jú rẹ̀. Bí abẹ́ awọ náà bá kún, ọ̀rá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí ibi tí kì í ṣe ilé rẹ̀.

4.0 Ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀

4.1 Ohun tí ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá jẹ́

Bí ọ̀rá bá ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ẹ̀dọ̀, àwọn oníṣègùn a máa pè é ní ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá. Ọtí àmujù ni wọ́n sábà máa ń kà sí okùnfà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1980, Jurgen Ludwig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe aláìsàn 20 tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ bíi ti ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀mùtí. Púpọ̀ nínú wọn sanra, àtọ̀gbẹ sì wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ní ọdún 2023, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀dọ̀ káàkiri àgbáyé pa orúkọ tí ó ń mẹ́nu ba ọtí tì, wọ́n sì fún àrùn náà ní orúkọ tuntun tí ó so ó pọ̀ mọ́ bí ara ṣe ń lo oúnjẹ.

Ó yẹ fún àkíyèsí pé àjẹjù nìkan kọ́ ni ó ń kó ọ̀rá sí ẹ̀dọ̀. Kwashiorkor, àrùn ọmọdé tí Cicely Williams ṣàpèjúwe láti Gold Coast ní ọdún 1933, a máa fi ọ̀rá kún inú ẹ̀dọ̀ ọmọ tí ebi ń pa. Ẹ̀dọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ kò rí agbára di ọ̀rá ránṣẹ́ síta. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ kì í ṣe àmì ọrọ̀ tàbí ọ̀kánjúwà. Àmì pé ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde kò dọ́gba ni.

4.2 Òbìrípo méjì

Roy Taylor, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé àlàyé kan kalẹ̀ ní ọdún 2008 tí ó so ẹ̀dọ̀ àti páńkíríásì pọ̀. Òbìrípo kìíní wà nínú ẹ̀dọ̀. Bí ọ̀rá bá ti kún inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ kì í gbọ́ àṣẹ tí ó ní kí ó má tú ṣúgà síta mọ́. Òru kò ní mọ̀wọ̀n fún un. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yóò ti ga kí ènìyàn tó jí. Páńkíríásì yóò wá pọ̀ sí ínsúlínì kí àṣẹ lè wọlé. Ṣùgbọ́n etí kan ni ó di, èkejì ṣí sílẹ̀: ẹ̀dọ̀ ṣì ń gbọ́ àṣẹ tí ó ní kí ó ṣe ọ̀rá. Bí ínsúlínì bá ṣe ń pọ̀ ni ọ̀rá ń pọ̀, bí ọ̀rá bá sì ṣe ń pọ̀ ni etí ń di sí i.

Òbìrípo kejì wà nínú páńkíríásì. Ọ̀rá tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sínú páńkíríásì pẹ̀lú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe ínsúlínì yóò sì rẹ̀wẹ̀sì. Ìgbà tí wọn kò bá lè pèsè tó mọ́ ni àtọ̀gbẹ yóò yọjú. Ó lè ti tó ọdún púpọ̀ tí nǹkan ti ń wọ́ bọ̀ lábẹ́lẹ̀.

4.3 Ìdánwò àlàyé náà

Àlàyé tí ó bá jẹ́ òótọ́ gbọdọ̀ ṣeé dán wò. Bí ọ̀rá bá ni okùnfà, kíkó ọ̀rá kúrò yẹ kí ó dá àrùn padà. Ní ọdún 2011, Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí lórí alátọ̀gbẹ 11 jáde. Wọ́n fi wọ́n sórí oúnjẹ tí kò ju 600 kálórì lọ lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara wọn ọ̀rá wọn. Láàárín ọjọ́ 7 péré, ṣúgà òwúrọ̀ wọn ti wálẹ̀ láti 9.2 sí 5.9 mílímóòlù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ̀dọ̀ sì ti tún ń gbọ́ràn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 8 pé, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ti ti ìdá 12.8 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sí 2.9. Páńkíríásì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó ṣe wẹ́kú, ṣùgbọ́n òun náà padà bọ̀ sípò.

Ènìyàn 11 kò tó láti fi dájọ́. Nítorí náà ni Michael Lean ní Glasgow àti Taylor ṣe darí ìwádìí DiRECT, tí wọ́n ṣe láwọn ilé ìwòsàn àdúgbò ní Sìkọ́tílándì àti agbègbè Newcastle. Ènìyàn 298 tí àtọ̀gbẹ wọn kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ, tí wọn kò sì gba ínsúlínì, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba ìtọ́jú tí ó wọ́pọ̀. Apá kejì dá oògùn àtọ̀gbẹ dúró lábẹ́ àbójútó, wọ́n sì lo oúnjẹ olómi tí ó tó 825 sí 853 kálórì lóòjọ́ fún oṣù 3 sí 5, kí wọ́n tó máa padà sí oúnjẹ gidi. Èsì ọdún kìíní jáde ní ọdún 2017: ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún lára apá kejì ni kò ní àtọ̀gbẹ mọ́ láìlo oògùn, ìdá 4 péré ni ti apá kìíní. Nínú àwọn 36 tí ó fi kílógíráàmù 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fúyẹ́, 31 ni àrùn náà fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó lọ lè padà. Ní ọdún kejì, ìdá 46 ti di ìdá 36. Nígbà tí ó pé ọdún márùn-ún, èsì tí ó jáde ní ọdún 2024 fi hàn pé nínú àwọn 85 tí wọ́n ṣì ń ràn lọ́wọ́, 11 ni kò tíì padà sínú àtọ̀gbẹ. Àwọn tí ọ̀rá wọn padà ni àrùn wọn padà.

Ìwádìí mìíràn láti Newcastle, tí ó jáde ní ọdún 2023, kan àwọn 20 tí wọn kò sanra. Nínú wọn, 14 bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ nígbà tí wọ́n fúyẹ́ díẹ̀. Èyí gbe èrò kan tí Taylor àti Rury Holman ti sọ ní ọdún 2015 lẹ́sẹ̀, pé olúkúlùkù ni ó ní ìwọ̀n ọ̀rá tí ara rẹ̀ lè gbà. Ẹni tí ó tín-ín-rín lè ti kọjá ìwọ̀n tirẹ̀, kí ẹni tí ó sanra máà tíì dé tirẹ̀.

5.0 Ìbéèrè tí ó kan ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

5.1 Bí àrùn náà ṣe ń gbilẹ̀

Àtọ̀gbẹ kì í ṣe àlejò ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1971, B. O. Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gbé ìwádìí lórí alátọ̀gbẹ 832 jáde. Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1992 fi iye alátọ̀gbẹ sí ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà. Ní ọdún 2018, àkójọpọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí tí A. E. Uloko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi í sí nǹkan bí ìdá 5.8. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kà á kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ kọjú sí kò fara sin.

Àfiwé láàárín ìran kan náà tún là á yéni sí i. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 1997 wo àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Nàìjíríà, ní àwọn erékùṣù Kàríbíà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Ti Nàìjíríà ni ó kéré jù, ti Kàríbíà wà láàárín, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ni ó ga jù. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ, iṣẹ́ àti ìrìn ẹsẹ̀ yàtọ̀.

5.2 Àmì tí kò bá àrùn dọ́gba

Bí ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ bá ni gbòǹgbò, ohun tí ènìyàn yóò retí ni pé ìran tí àtọ̀gbẹ ń mú jù ni ẹ̀dọ̀ wọn yóò lọ́ràá jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Dallas, Amẹ́ríkà, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2004 rí ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá lára ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí orírun wọn jẹ́ ilẹ̀ elédè Sípéènì, ìdá 33 lára aláwọ̀ funfun, àti ìdá 24 péré lára aláwọ̀ dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀gbẹ wọ́pọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ju ti aláwọ̀ funfun ibẹ̀ lọ. Ní ọdún 2008, láti inú ìwádìí Dallas kan náà, wọ́n rí ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì PNPLA3 tí ń mú ọ̀rá jókòó sí ẹ̀dọ̀. Ó wọ́pọ̀ jù lára ìran elédè Sípéènì, ó sì ṣọ̀wọ́n jù lára aláwọ̀ dúdú. Ìyẹn ṣàlàyé apá kan ìdí tí ọ̀rá fi yàtọ̀. Kò ṣàlàyé ìdí tí àtọ̀gbẹ kò fi tẹ̀ lé e.

Ibi tí ìwádìí dojú kọ báyìí ni ọwọ́ tí ẹ̀dọ̀ fi ń gba ínsúlínì. Ìpín 3.0 ti sọ pé ẹ̀dọ̀ a máa fọ́ nǹkan bí ìdajì ínsúlínì tí ó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ìwádìí lórí aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ̀dọ̀ wọn ń fọ́ èyí tí ó kéré sí bẹ́ẹ̀. Ínsúlínì tí ń kọjá sínú ara yóò wá pọ̀, láìjẹ́ pé páńkíríásì ṣe jù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olùwádìí King's College fi àwọn ọkùnrin tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wé àwọn aláwọ̀ funfun tí àtọ̀gbẹ wọn kò tíì pẹ́. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú kéré sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n agbára páńkíríásì wọn láti pèsè ínsúlínì ti rọ̀ jù.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti Áfíríkà fúnra rẹ̀. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo jíìnì ènìyàn 5,231 láti Nàìjíríà, Gánà àti Kẹ́ńyà. Ní ọdún 2019, wọ́n kéde pé ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì ZRANB3 bá àtọ̀gbẹ rìn lára àwọn ọmọ Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n pa jíìnì náà lẹ́nu mọ́ lára ẹja kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe ínsúlínì dín kù. Páńkíríásì ni ọ̀rọ̀ tún tọ́ka sí. Bí páńkíríásì bá ti jẹ́ ẹlẹgẹ́, ọ̀rá díẹ̀ lè tó láti da ilé rú.

5.3 Ìdánwò ní Barbados

Ṣé ìtọ́jú Newcastle lè wúlò fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aláwọ̀ funfun ni gbogbo àwọn tí ó kópa nínú DiRECT, nítorí náà èsì rẹ̀ kò lè dáhùn. Ní Barbados, níbi tí àwọn aráàlú ti jẹ́ ìran Áfíríkà jù lọ, wọ́n fi ènìyàn 25 sórí oúnjẹ 760 kálórì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Èsì tí ó jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé ṣúgà òwúrọ̀ ju ìdajì wọn lọ ti bọ́ sísàlẹ̀ òṣùwọ̀n àtọ̀gbẹ. Lẹ́yìn oṣù 8, iye àwọn tí ó dúró síbẹ̀ ti dín kù. Ìwádìí kékeré ni, kò sì ní apá kejì tí wọn yóò fi wé e. Síbẹ̀, ó tó láti sọ pé ìrètí náà kì í ṣe ti aláwọ̀ funfun nìkan.

6.0 Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìtọ́jú

Ẹ̀dọ̀ kò ṣàjèjì sí oògùn àtọ̀gbẹ. Metformin, tí Jean Sterne gbé èsì rẹ̀ jáde ní Paris ní ọdún 1957, ń ṣiṣẹ́ nípa dídín ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú síta kù. Oògùn fún ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá gan-an ni kò sí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2024, àwọn aláṣẹ oògùn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí resmetirom, èkíní irú rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n fọwọ́ sí semaglutide fún ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti ń sọ di ọgbẹ́. Oògùn olówó gọbọi ni wọ́n, oúnjẹ níwọ̀nba kò sì tíì di ohun tí oògùn gba ipò rẹ̀.

Kókó mẹ́ta ni ó yẹ kí àwọn olùtọ́jú mú níbẹ̀. Èkíní, àkókò ṣe pàtàkì. Páńkíríásì tí ó ti rẹ̀wẹ̀sì fún ọdún púpọ̀ kì í sábà jí mọ́, nítorí náà ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àrùn náà ni ó yẹ kí ìgbìyànjú gbóná jù. Èkejì, aláìsàn kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ó gbọ́ pé àtọ̀gbẹ lè padà sẹ́yìn. Abẹ́ àbójútó oníṣègùn ni àwọn ará DiRECT wà. Ẹ̀kẹta, ẹ̀dọ̀ tí ẹ̀rọ kò rí ọ̀rá púpọ̀ nínú rẹ̀, tàbí ara tí kò sanra, kì í ṣe ẹ̀rí pé ewu kò sí fún ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

7.0 Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé bí ìwádìí lórí àtọ̀gbẹ ṣe ti inú ìtọ̀ dé inú ẹ̀jẹ̀, tí ó yà sí páńkíríásì, tí ó sì padà bá ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀. Ó ti fi hàn pé òbìrípo tí ó so ẹ̀dọ̀ àti páńkíríásì pọ̀ ṣeé já, pàápàá bí àrùn náà kò bá tíì pẹ́ lára. Ó sì ti fi hàn pé ìwọ̀n ọ̀rá tí ó léwu fún ẹnì kan lè máà jẹ́ ewu fún ẹlòmíràn.

Ohun tí ó ṣẹ́kù fún ìwádìí ni láti wọn ọ̀rá ẹ̀dọ̀, ọwọ́ tí ẹ̀dọ̀ fi ń fọ́ ínsúlínì, àti agbára páńkíríásì lára àwọn ènìyàn tí ń gbé ní Ìbàdàn, Èkó àti Kútọnu, kì í ṣe lára àwọn ìbátan wọn tí ó wà lókè òkun nìkan. Kí wọ́n sì fi oúnjẹ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń jẹ dán ìtọ́jú náà wò, dípò oúnjẹ olómi inú páálí. Àká kì í tóbi bákan náà láti oko dé oko. Olóko tí kò bá wọn tirẹ̀, ìwọ̀n àká ẹlòmíràn ni yóò máa fi kó ọkà.